Táìlì Onígun Márùn-ún àti Átọ́ọ̀mù Inú Ìmọ́lẹ̀

 

Ìbéèrè ọmọ mi obìnrin ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a ń lẹ táìlì sí pálọ̀ wa ní GRA níbí, ó bi ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ pé kí ló dé tí kò lo táìlì onígun márùn-ún. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí ọ̀gá ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè ńlá ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Níbi tí orí táìlì bá ti pàdé, àwọn igun gbọ́dọ̀ pé 360 digírì. Igun onígun mẹ́rin jẹ́ 90. Mẹ́rin rẹ̀ pé géérégé. Ti onígun mẹ́fà jẹ́ 120. Mẹ́ta rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ti onígun márùn-ún jẹ́ 108. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 324, àlàfo ṣẹ́ kù, ẹ̀kẹrin kò sì ní wọlé. Onígun mẹ́jọ náà kò lè dá bo ilẹ̀.

Bí átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú iyọ̀ àti ṣúgà nìyẹn: ọnà kan náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe títí. Àwọn onímọ̀ gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní 8 April 1982, Dan Shechtman, ọmọ Ísírẹ́lì tó ń ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà, yẹ àdàlù alumíníọ́mù àti manganese wò. Ó rí àmì mẹ́wàá mẹ́wàá tó yí ká. Ètò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọnà náà kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Wọ́n ní kó kúrò nínú ẹgbẹ́ ìwádìí tó wà. Linus Pauling, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, ta kò ó títí tó fi kú ní 1994. Ṣùgbọ́n ní 2011, Shechtman gba ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀. Quasicrystal ni wọ́n ń pe irú nǹkan tó rí.

Báwo ni átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn nínú irú ọnà bẹ́ẹ̀? Ó ṣòro láti rí i nínú irin. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ń ṣe àwòṣe rẹ̀, bí ayàwòrán ilé ti ń fi páálí kọ́ ilé kékeré kí a tó da kọnkéré. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni páálí tiwọn. Bí a bá tan lésà sí dígí tó sì padà bá ara rẹ̀, ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn yóò tò tẹ̀léra bí ojú kéréètì ẹyin. Átọ́ọ̀mù ni ẹyin ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tutù gan-an, kí wọ́n má baà fò jáde: díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi ń gbóná ju -273.15 digírì lọ. Lésà ló ń ti átọ́ọ̀mù sẹ́yìn títí eré rẹ̀ yóò fi rọ̀. Claude Cohen-Tannoudji, tí a bí ní Constantine ní Algeria, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997 lórí iṣẹ́ yìí.

Ní 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cambridge, lábẹ́ Ulrich Schneider, tan lésà mẹ́rin, 45 digírì sí ara wọn, sára átọ́ọ̀mù potassium. Ọnà tó ní apá mẹ́jọ, tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe, ló jáde. Ní 2024, wọ́n fi hàn pé bí ìmọ́lẹ̀ náà bá lágbára tó, àwọn átọ́ọ̀mù tó ń ṣàn pọ̀ bí omi yóò há síbi kéékèèké, kálukú sí àyè tirẹ̀. Bose glass ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó bá há báyìí kì í tètè gbàgbé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń retí pé ó lè wúlò fún kọ̀ǹpútà ọjọ́ iwájú.

Mo ti bẹ ọmọ mi. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ sọ pé, "Jẹ́ ká jọ wá a." Ire o.