Ṣé O Mọ̀, àbí O Kàn Gbọ́ Ni?

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì péré, "mọ̀" àti "gbàgbọ́", ló gbé olùkọ́ méjì dìde ní yunifásítì Ifẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì? Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ọ̀kan, J. Olúbí Ṣódípọ̀ ni èkejì. Ara ò ro wọ́n, wọn ò sì wá àgbo. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà náà ni pé ìgbà wo lèèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ nǹkan. Èsì tí wọ́n gbọ́ di ìwé lọ́dún 1986. Knowledge, Belief and Witchcraft ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Èsì náà kò díjú. O mọ ohun tí o fojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí. Gbogbo ìyókù, ohun tí bàbá rẹ sọ fún ọ, ohun tí tíṣà kọ sára bọ́ọ̀dù, ohun tí o kà nínú ìwé, o gbà á gbọ́ ni. Tú ọ̀rọ̀ náà wò, ó ti sọ ara rẹ̀: o gbọ́, o sì gbà.

Ó dáa. Ṣé o mọ̀ pé òkè Everest ló ga jù láyé? O ò mọ̀. Ta ló bá ọ gùn ún? O gbà á gbọ́ ni, èmi náà sì gbà á gbọ́. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ, a ó ní a mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa bi wá pé níbo la ti rí i. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ìwé yẹn: ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lẹnìkan nínú kíláàsì wa ní èdè Yorùbá ò ṣe é fi ronú jinlẹ̀. Èdè tó ń béèrè ẹlẹ́rìí kó tó jẹ́ kí o sọ pé o mọ̀!

Ṣé o mọ̀ pé kóòtù Nàìjíríà wà lẹ́yìn àwọn oníṣègùn wọ̀nyẹn? Wo abala 126 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011. Tó bá jẹ́ ohun tí ojú lè rí ni ọ̀rọ̀ dá lé, ẹni tó ní òun fojú ara òun rí i ni kó wá sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ohun tí etí lè gbọ́, ẹni tó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ ni kó wá. "Wọ́n ní" kì í wọ ilé ẹjọ́, àfi níbi díẹ̀ tí òfin fúnra rẹ̀ ti yà sọ́tọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé èdè kan wà tí kì í jẹ́ kí o fi ibi tí o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ pamọ́? Tuyuca ni, ní agbègbè ààlà Kòlóńbíà àti Brazil. Bí o bá fẹ́ sọ pé ọkùnrin kan gbá bọ́ọ̀lù, ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe ni yóò tú ọ fó. Ó ní ti ẹni tó rí i. Ó ní ti ẹni tí kò rí i àmọ́ tó gbọ́ ariwo rẹ̀. Ó ní ti ẹni tó rí ojú ẹsẹ̀ bàtà lórí pápá, ó ní ti ẹni tí wọ́n sọ fún, ó sì ní ti ẹni tó kàn rò ó pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Márùn-ún ni wọ́n. Kò sí èkẹfà fún ẹni tó bá fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìn. Àwa náà ní "wọ́n ní", ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe dandan. Ó wuni, a lò ó. Kò wuni, a jù ú nù.

Ìgbà kan tí a jù ú nù kò kúrò lọ́kàn mi. Oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni, Ebola ti wọ Èkó. Lóru ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti fóònù dé fóònù: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí "wọ́n ní" níbẹ̀. Àwọn tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyá ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, ìfẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n máa jí èèyàn lójú oorun. Nílé tiwa, a wẹ̀. Mo ṣì kéré, ohun tí mo rántí jù ni bí ojú ṣe ń ta mí. Ìyá mi ò mọ̀. Wọ́n gbà á gbọ́ ni. Kí oṣù náà tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìròyìn ti kàn wọ́n pé èèyàn méjì kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Mẹ́jọ péré ni Ebola fúnra rẹ̀ pa lórílẹ̀-èdè yìí lọ́dún náà.

Tí olùkọ́ wa bá wá ń sọ pé nínú filọ́sọ́fì, ẹ̀ka ìwà rere yàtọ̀, ẹ̀ka ìmọ̀ yàtọ̀, mo máa ń rántí iyọ̀ yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn Kristẹni ilẹ̀ wa fúnra wọn ló ń pe ara wọn ní onígbàgbọ́? Wọn ò ní onímọ̀. Lójú tèmi, orúkọ náà kò purọ́: wọ́n gbọ́ ìyìn rere, wọ́n sì gbà á.

Ṣé o mọ̀ pé W. V. O. Quine, ará Harvard tó kọ ọ́ lọ́dún 1960 pé kò sí ìtumọ̀ kan ṣoṣo tó tọ̀nà láti èdè kan sí òmíràn, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé Hallen àti Ṣódípọ̀ nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ lọ́dún 1997? Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni sọ fún un nípa Èṣù. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde lọ́dún 1843. Nígbà tó fi máa di 1884, odindi Bíbélì ti wà lédè wa. Nínú rẹ̀, ọ̀tá Ọlọ́run ń jẹ́ Èṣù. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn abọ̀rìṣà, Èṣù lẹni tó ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ, tó sì ń ṣọ́ oríta. Àwọn atúmọ̀ ń wá ọ̀rọ̀, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n rí mú. Láti ìgbà náà, bí ọmọdé bá hùwàkiwà, wọ́n á ní iṣẹ́ Èṣù ni. Ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn kò sí ní kóòtù.

Ṣé o mọ̀ pé Yorùbá kì í jẹ́ kí ojú sinmi? À ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ahọ́n ló sì ń ṣiṣẹ́. À ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ wò bóyá ara rẹ̀ gbóná. À ń gbọ́ orin wò, à ń rò ó wò, à ń bi í wò, à ń dán an wò. Ojú ló ni "wò", gbogbo ẹ̀yà ara yòókù ló ń yá a lò. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bí lọ́dún 354 níbi tó ti di Àlgéríà lónìí, ṣàkíyèsí irú rẹ̀ nínú èdè Látìn: èèyàn lè ní kí o wo bí nǹkan ṣe ń dún, tàbí bó ṣe ń rùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ní kí o gbọ́ bó ṣe ń tàn.

(Etí náà ò gbẹ́yìn lọ́dọ̀ tiwa. Ta ló ní kó máa bá imú gbọ́ òórùn?)

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá yọ ojú kúrò nínú èdè yìí, agbára káká ni wàá fi rí ọ̀rọ̀ bá ọmọ wí? Ojú wà nínú ìtìjú. Ojúkòkòrò, ojúsàájú, àfojúdi, ojúṣe, ìmójútó: kà wọ́n. Ẹni burúkú kò lójú àánú. Èyí tó sì burú jù létí mi ni ojú ayé, oore tí èèyàn ń ṣe nítorí pé wọ́n ń wò ó. Ìyẹn, ojú kọ́ ló ń dá a lẹ́jọ́, ẹ̀rí ọkàn ni, ẹlẹ́rìí tí kì í lọ sùn.

Ṣùgbọ́n ojú tí a gbé gbogbo ẹrù yìí lé lórí ńkọ́, ṣé ó ṣe é fọkàn tán?

Lọ́dún 1976, Harry McGurk àti John MacDonald fi fíìmù ẹnu tó ń sọ "ga" han àwọn èèyàn, ohùn tí wọ́n fi sí i sì ń sọ "ba". Ohun tí àwọn tó ń wò ó gbọ́ ni "da", èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Dijú, "ba" á padà dé.

Fa ìlà méjì tó gùn bákan náà. Fi orí ọfà tó ṣí síta sí ìdí àti orí ọ̀kan, fi èyí tó padà sínú sí èkejì. Láti 1889 tí Franz Müller-Lyer ti tẹ̀ ẹ́ jáde ni ojú ti ń sọ pé ọ̀kan gùn ju èkejì. O fi rúlà wọ̀n ọ́n, ọkàn rẹ gbà; ojú ò gbọ́ràn sí rúlà.

Ti Molyneux ló gba àsìkò mi jù. Ará Dublin ni, ìyàwó rẹ̀ sì fọ́jú láìpẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn. Lọ́dún 1688, ó béèrè pé: afọ́jú kan wà tó ti ń fọwọ́ mọ ohun róbótó yàtọ̀ sí ohun onígun láti kékeré. Bí ojú rẹ̀ bá là lójijì, ṣé yóò dá wọn mọ̀ láì fọwọ́ kàn wọ́n? Ó lé ní 300 ọdún kí wọ́n tó dán an wò dáadáa. Lọ́dún 2011, Pawan Sinha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì wọn jáde láti Íńdíà: ọmọ márùn-ún, láti ọmọ ọdún 8 dé 17, tí wọ́n bí láìríran, tí iṣẹ́ abẹ sì la ojú wọn. Ọwọ́ mọ nǹkan náà. Ojú wò ó títí, kò dá a mọ̀. Àmọ́ ní ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, ó ti ń dá a mọ̀. Ẹlẹ́rìí tí à ń fi búra ní kóòtù, iṣẹ́ ló kọ́ kó tó mọ iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé Gladstone, tó di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà mẹ́rin, kọ ọ́ lọ́dún 1858 pé ojú àwọn Gíríìkì ayé Homer kò tíì gbó sí àwọ̀, torí pé Homer kò ní ọ̀rọ̀ fún búlúù? Yorùbá náà ò ní. Funfun, pupa àti dúdú ni tiwa láti ilẹ̀. Brent Berlin àti Paul Kay fi hàn lọ́dún 1969 pé èdè tó bá ní mẹ́ta péré, mẹ́ta yìí náà ló máa ń jẹ́. Kí Gladstone wá dúró níwájú ìkòkò aláró Abẹ́òkúta, kó sọ fún wọn pé ojú wọn ò tíì gbó.

Ṣé o mọ̀ pé ojú lè rí irọ́, kí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ òótọ́? Dharmottara, onímọ̀ ará Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 770, ló pa irú àpẹẹrẹ yìí: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná láti fi sun ẹran, iná náà ò tíì rú èéfín, eṣinṣin sì ti ṣù bo ẹran. Ẹnìkan rí wọn lókèèrè, ó ní èéfín nìyẹn, iná wà níbẹ̀. Iná sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ó mọ̀? Lọ́dún 1963, Edmund Gettier fi ojú ìwé mẹ́ta péré gbé irú ìbéèrè yìí dìde ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ò sì tíì sinmi. Ti ẹlẹ́ran ni mo fẹ́ràn. Àwọn oníṣègùn Èkìtì ì bá ní kó sún mọ́ ibẹ̀ kó tó lanu.

Ṣé o mọ̀ pé èdè lè yí ìdájọ́ rẹ padà? Philippa Foot ló gbé ọkọ̀ tó ń já bọ̀ lórí irin wọ filọ́sọ́fì lọ́dún 1967: èèyàn márùn-ún wà lójú ọ̀nà kan, ẹyọ kan wà lójú èkejì, ibo ni ká darí rẹ̀ sí? Àwọn tó tẹ̀ lé e fi ọkùnrin sísanra kan sórí afárá. Bí o bá tì í sílẹ̀, ọkọ̀ á dúró, àwọn márùn-ún á yè. Lọ́dún 2014, Albert Costa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn tó fi èdè àjèjì ka ìtàn náà máa ń gbà láti tì í ju àwọn tó fi èdè abínibí wọn kà á. Mo dán an wò lára ara mi. Ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tì í, mo tún fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Yorùbá, mo kọ́kọ́ bi ara mi pé ọmọ ta ni. Mi ò tì í mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé sùúrù, tí à ń pè ní baba ìwà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni? Ṣabr ni tiwọn. Àlejò ló di baba onílé.

Ṣé o mọ̀ pé Socrates kò kọ ìwé kankan sílẹ̀? Ọ̀rúnmìlà náà kò kọ. Sophie Olúwọlé, obìnrin tó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú filọ́sọ́fì ní Nàìjíríà, fi odindi ìwé kan gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹnu ẹlòmíràn la ti gbọ́ ti àwọn méjèèjì.

Ẹnu mi náà nìwọ ti ń gbọ́ gbogbo èyí láti òkè. Nípa òfin Èkìtì, o ò tíì mọ ìkankan nínú rẹ̀, inú ìwé sì lèmi fúnra mi ti gbọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹyọ kan ni mo lè fún ọ kí o mọ̀ ọ́n. Mú ìwé funfun. Fa àmì àgbélébùú kékeré sápá òsì, kí o ya dúdú róbótó kan sápá ọ̀tún, kí àlàfo wọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Na ìwé náà síwájú, di ojú òsì, kí o tẹ ojú ọ̀tún mọ́ àgbélébùú nìkan. Máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, dúdú yẹn á pòórá, ìwé funfun gbalaja ni ojú rẹ á sì sọ pé ó wà níbẹ̀. Edme Mariotte, ará Faransé, ló ti rí ihò yìí láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Kò sí ojú èèyàn tí kò ní in.

Ó ti pòórá? Ṣí ojú òsì.