Oògùn Ọmọ Mi Tí Mo Gbé Mì: Àlàyé Lórí Àwọn Oògùn ADHD àti Àtẹ̀yìnbọ̀ Wọn

Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan lórí ìlera sínú ìwé ètò wa. Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe fún ọdún 35 kí n tó fẹ̀yìn tì, fáìlì ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Ní Kérésìmesì ọdún 2024, àkọ́bí mi ọkùnrin dé sí Abuja láti London. Ẹni ọdún 38 ni. Àràárọ̀ ni mo ń rí i tó ń gbé kápúsù kan mì. Mo bi í léèrè, ó ní oògùn ADHD ni.

Ẹni tó bá ní ADHD, ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ márùn-ún, kò ní parí ẹyọ kan. Á gbàgbé kọ́kọ́rọ́, á gbàgbé àdéhùn. Bó bá jókòó sí ìpàdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Láti kékeré ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń bá dàgbà. Nígbà tí ọmọ tèmi wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pàṣán ni mo fi ń wò ó sàn. Ọdún 2022 ni dókítà kan ní London tó sọ ohun tó ń ṣe é fún un. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tó dé, àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ wa wà nílẹ̀ tí mo ní láti kà, ojú ewé ogójì. Mo rò ó pé bí oògùn yìí bá lè mú ọmọ tí kì í jókòó kó jókòó, kí ni kò ní ṣe fún bàbá rẹ̀? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo yọ ọ̀kan gbé mì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ka ìwé náà dáadáa títí di aago mẹ́wàá. Ìgbà náà ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ẹnu mi gbẹ bí èpo iṣu, n kò sì fojú ba oorun títí ládàánì fi pe ìrun àsùbáà. Ìfúnpá mi, tí mo ti ń lo oògùn fún láti ọdún 2009, wọ 178 lórí 104. Ìyàwó mi ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀sán ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo pe ọmọ náà àti ọmọ àbúrò mi kan tó jẹ́ apòògùn, mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n là á yé mi.

Ìdílé méjì ni àwọn oògùn tó ń ta ọpọlọ jí wọ̀nyí. Èkíní ni methylphenidate. Leandro Panizzon ló ṣe é ní iléeṣẹ́ Ciba ní Switzerland lọ́dún 1944. Ritalin tí wọ́n ń pè é, ara orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ni wọ́n ti yọ ọ́. (N kò tíì gbọ́ ọkọ kankan láàárín wa tó fi oògùn ṣàpọ́nlé ìyàwó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.) Concerta náà, ìdílé yìí ni. Ìdílé kejì ni amphetamine, òun ló dàgbà jù, nítorí ọdún 1887 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì. Adderall tí àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà mọ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Lisdexamfetamine náà wà níbẹ̀: Vyvanse ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, Elvanse ni ní Ìlú Ọba. Òun ni mo gbé mì.

Ẹ wo táńkì omi tó wà lẹ́yìn ilé yín. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine, tó ń jẹ́ kí èèyàn lè dúró ti iṣẹ́ kan. Methylphenidate dà bí ẹni tó dí ihò tí omi ń gbà lọ, kí èyí tó wà nínú táńkì lè pẹ́. Amphetamine dí ihò náà, ó sì tún tan ẹ̀rọ tó ń pọn omi sí i. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kan kó àyẹ̀wò 133 jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Lancet Psychiatry. Wọ́n ní ìdílé amphetamine ló ṣiṣẹ́ jù fún àgbàlagbà, methylphenidate ló sì yẹ ọmọdé jù. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé méjèèjì, àwọn àgbàlagbà tó pa oògùn tì nítorí wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ.

Wàhálà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: oúnjẹ kì í wu èèyàn jẹ, oorun ń jìnnà, ẹnu ń gbẹ, orí ń fọ́, inú ń tètè bí èèyàn, ọkàn ń lù kíákíá. Ní ìpíndọ́gba, ìfúnpá máa ń fi 2 sí 4 gòkè, ọkàn á sì fi ìgbà 3 sí 6 lù sí i ní ìṣẹ́jú kan. Ó kéré létí. Àmọ́ ti àwọn kan ń fò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti sọ tèmi fún yín.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an ni bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lára sí. Hóró methylphenidate kékeré kì í ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, nítorí náà èèyàn á lò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tó bá ti ń kúrò lára òun, ńṣe ni inú òun á máa ru, òun á sì máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ òun. Concerta ń lo nǹkan bíi wákàtí 12. Lisdexamfetamine lè tó wákàtí 14, ó sì ń rọra wọlé nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ló ní láti kọ́kọ́ tú u kó tó ṣiṣẹ́. Òun ló bá ọmọ mi lára mu, àfi pé ó rù débi tí ìyá rẹ̀ fi sunkún ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ wá ka wákàtí 14 láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ó mọ ìdí tí n kò fi sùn.

Atomoxetine kò sí nínú ìdílé méjèèjì. Kì í ta èèyàn jí, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Èébì máa ń gbé àwọn tó ń lò ó. Ẹ̀yin àgbà ọkùnrin, ẹ gbọ́ o: ó lè mú kí ìtọ̀ nira láti tọ̀, ó sì lè dín agbára ọkùnrin kù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Nítorí ẹ̀dọ̀ náà ni wọ́n ṣe kó oògùn mìíràn, pemoline, kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005.

Apòògùn wa tún kìlọ̀ nípa àdàlù. Tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kiri, bó bá pàdé amphetamine nínú ara, ó lè fa gìrì. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine ń gbé ìfúnpá sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni obì àti kọfí ń ti ọkàn sáré. Èmi tí mo jẹ obì méjì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Ní ti òfin, ìdílé méjèèjì wà lábẹ́ ìṣọ́ nínú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1971. NAFDAC àti NDLEA kì í fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ọmọ tó bá ń bọ̀ wálé, kó gbé ìwọ̀n tó máa lò dání, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Kó má ṣe fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fura sí ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ní Abuja, àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Gwagwalada àti ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Karu. Kí ẹ tó gba oògùn, ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá yín. Ní Ìlú Ọba, ìlànà ìjọba ni pé kí wọ́n tún un wọ̀n nígbàkígbà tí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn padà, àti lóṣù mẹ́fà mẹ́fà lẹ́yìn náà.

Ọmọ mi ti ra àpótí kékeré tó ní àgádágodo. Bó bá wálé, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ní ti òfin ẹgbẹ́ náà, oṣù kejì ọdún 2025 ni mo tó kà á tán, ojú ewé méjì lójúmọ́, láàárọ̀, pẹ̀lú ife ògì.