Òdòdó Inú Ìkòkò Kò Lè Lé Èéfín Jáde

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá onílé ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége, ẹ kì í ṣe àjèjì sí èéfín. Ti ilé iṣẹ́ ńláńlá ń bẹ, ti ọkọ̀ ń bẹ, ti jẹnẹrétọ̀ sì tún ń bẹ. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń ra òdòdó sínú yàrá, wọ́n ní yóò máa fa ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ mu. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ náà ní orísun. Ní ọdún 1989, B. C. Wolverton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ NASA ti Amẹ́ríkà gbé òdòdó sínú àpótí tí a dé pinpin. Irú ọ̀já ìkookò ilẹ̀ wa wà lára wọn. Wọ́n rí i pé èròjà olóró bíi benzene dín kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ènìyàn kì í ṣe àpótí. Ní ọdún 2019, Cummings àti Waring ti Yunifásítì Drexel yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò: ó kéré tán, ìkòkò òdòdó 10 ni a óò tò sórí mítà kan níbùú lóòró, kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ń ṣe fúnra rẹ̀. Níbo ni a óò wá sùn?

Àwọn àgbà ní, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Orísun èéfín ni kí a mójú tó:

1. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tàbí ní bákónì. Kí ó jìnnà sí fèrèsé tó mítà 6, ó kéré tán. Carbon monoxide tó ń tú jáde lára rẹ̀ kò lóòórùn, ojú kò rí i, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Òdòdó kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ará ilé, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, kí gbogbo yín bọ́ síta kíá, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

2. Ẹ má dáná èédú nínú yàrá. Bí ẹ bá ń fi sítóòfù kẹrosíìnì se oúnjẹ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

3. Ẹ ṣí fèrèsé ìhà méjì, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ilé kọjá. Bí èéfín ilé iṣẹ́ bá ń fẹ́ bọ̀, ẹ tì wọ́n títí yóò fi rọlẹ̀. Ẹ má dáná lásìkò náà.

Ẹni tó fẹ́ràn òdòdó, kí ó gbìn ín fún ẹwà. Kí ó sáà máa da omi ìdí ìkòkò nù, kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin síbẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.