Ọrẹ Àánú Tí Àwọn Júù Fi Ń Bu Ọlá Fún Ẹlòmíràn

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ àwọn Júù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí ọmọkùnrin bá pé ọdún 13 tí a sì pè é láti ka Ìwé Òfin Mósè ní gbangba, ọ̀rẹ́ àwọn òbí rẹ̀ lè mú owó lọ sí sínágọ́gù pé kí a fi ṣe àánú ní orúkọ ọmọ náà. Sínágọ́gù yóò kọ káàdì sí ìdílé náà pé lágbájá ti ta ọrẹ láti fi bá wọn yọ̀. Orúkọ ọlọ́rẹ yóò wà níbẹ̀. Iye owó kì í sábà sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún tọkọtaya tuntun, fún aláìsàn tí ara rẹ̀ yá, àti fún òkú. Nínú àdúrà ìrántí tí wọ́n ń pè ní Yizkor, èyí tí wọ́n ń gbà ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún, ọmọ a máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ ọrẹ nítorí ọkàn òbí rẹ̀ tí ó ti lọ. Ẹ̀jẹ́ ni, nítorí pé àwọn tí ń pa òfin mọ́ kì í fọwọ́ kan owó ní ọjọ́ mímọ́. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ náà kí wọ́n tó san án.

Dọ́là 18 ni ọ̀pọ̀ ń san, tàbí 36, tàbí 180. Lẹ́tà Hébérù a máa dúró fún nọ́ńbà: lẹ́tà méjì tí a fi ń kọ “chai”, èyí tí í ṣe “alààyè”, jẹ́ 8 àti 10. Tzedakah ni wọ́n ń pe ọrẹ àánú fúnra rẹ̀, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí òdodo. Ẹ̀tọ́ tálákà ni, kì í ṣe ojúrere lásán.

Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí a máa kéde ọlọ́rẹ? Maimonides, ọ̀mọ̀wé ńlá tí ó kú ní Íjíbítì ní 1204, ka ìpele mẹ́jọ fún ọrẹ àánú. Èyí tí ó ga jù ni kí a fún ẹni tí ń ṣubú ní ẹ̀bùn, awin tàbí iṣẹ́, kí ó má baà tọrọ mọ́. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni kí ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà má mọ ara wọn rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ àwọn ọlọ́rẹ kún ara ògiri sínágọ́gù púpọ̀! Solomon ben Adret ti Barcelona, tí ó kú ní 1310, ti dá irú ẹjọ́ yìí: ó ní kí a kọ orúkọ ọlọ́rẹ sí ara ohun tí ó fi ta ìjọ lọ́rẹ, kí àwọn mìíràn lè tẹ̀lé e.

Káàdì kékeré náà bọ̀wọ̀ fún ọ̀mọ̀wé méjèèjì. A dárúkọ ọlọ́rẹ, a dárúkọ ẹni tí a bu ọlá fún. Ti tálákà ni a fi pamọ́. Irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lọ sínú àpò tí ó wà ní ìkáwọ́ rábì. Òun ni yóò fi san owó ilé opó tàbí owó oògùn aláìsàn, láìsọ fún ìjọ ẹni tí ó gbà á.