Síkì Kan Ṣoṣo fún Gbogbo Òkè: Kí Ni Kí Onísíkì Tó Ti Dàgbà Nínú Ẹ̀ Wò Kó Tó Ra Twin Tip?

Àwọn èèyàn wa kò kéré mọ́ ní àwọn ìlú tí yìnyín ti ń bọ́: Denver, Salt Lake City, Minneapolis, títí dé Calgary ní Kánádà. Àwọn mìíràn nínú wọn kọ̀ jálẹ̀ pé òtútù kò ní sé àwọn mọ́lé. Wọ́n kọ́ síkì, ó sì ti mọ́ wọn lára. Ọ̀kan nínú wọn, tí mo fi ọdún mẹ́ta ṣáájú ní yunifásítì, pè mí láìpẹ́ yìí láti Denver. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣe síkì. Owó ọwọ́ mi kò lè ra ju oríṣi kan lọ. Mo fẹ́ twin tip tí mo lè gbé lọ síbikíbi lórí òkè. Èwo ni kí n rà?”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré. Síkì tuntun tó dára, pẹ̀lú ìdè tó ń so bàtà mọ́ ọn, lè sún mọ́ 1,000 dọ́là. Iye yẹn wúwo lọ́rùn ẹni tó ń fi owó akẹ́kọ̀ọ́ jẹun. Orúnkún ẹni náà sì tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń ṣe síkì ní Colorado, mo sì máa ń bá ṣọ́ọ̀bù kan tún síkì ṣe ní ìparí ọ̀sẹ̀, torí náà mo ní ohun tí mo lè sọ. Èyí tí mo sọ lórí fóònù kò tó, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Kí ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí lè bá wa lọ: pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni síkì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gígùn rẹ̀ sì sábà máa ń tó ìdúró ẹni tó ni ín. Irin mímú wà ní etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ike tó ń dán sì wà lábẹ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, imú rẹ̀ nìkan ló máa ń ká sókè; ìrù rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Twin tip ni èyí tí imú àti ìrù jọ ká sókè, bí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tí àwọn apẹja fi ń ná ọ̀sà. Ibi yòówù kí apẹja kọjú ọkọ̀ náà sí, ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni onítwin tip lè fò sókè, kó yí padà lójú òfuurufú, kó fi ẹ̀yìn balẹ̀, kó sì máa fi ẹ̀yìn yọ̀ lọ láìjẹ́ pé ìrù síkì gún yìnyín kó sì gbé e ṣubú.

Síkì oníìrù kíká ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n Teneighty tí Salomon gbé jáde ní 1998 ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń rà. Mike Douglas, ọmọ Kánádà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi JP Auclair ló wà nídìí rẹ̀. Orúkọ náà jẹ́ 1080, ìyẹn iye dígírì tí èèyàn máa yí bó bá yí bírípo lẹ́ẹ̀mẹta lókè. Ní 2002, Auclair àti Tanner Hall wà lára àwọn onísíkì tó dá Armada sílẹ̀. Nígbà náà, inú pápá ìfò ni wọ́n ti ń lo twin tip jù, níbi tí wọ́n mọ òkìtì yìnyín sí fún àwọn ọ̀dọ́. Lónìí, ó ti jáde kúrò níbẹ̀, ó ti gba gbogbo òkè, ibẹ̀ gan-an sì ni yíyàn rẹ̀ ti le.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún àbúrò wa ni pé kó gbójú kúrò lára ìrù. Ìrù tó ká kò sọ ohun púpọ̀ mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ síkì tí kò pe ara rẹ̀ ní twin tip ni ìrù wọn ti gbé díẹ̀ sókè báyìí. Ohun tó ń mú kí síkì kan yàtọ̀ sí èkejì ni bí àárín rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí wọ́n de bàtà mọ́ lórí rẹ̀.

Ìbàdí là ń pe ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, lábẹ́ bàtà. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà tó sì wà lára orúkọ síkì, ìbàdí ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà: Armada ARV 96 jẹ́ mìlímítà 96, Salomon QST 98 jẹ́ mìlímítà 98. Bí ìbàdí bá fẹ̀, síkì á léfòó lórí yìnyín rírọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, kò ní rì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá le, ẹni tó fẹ́ yà gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ síkì lélẹ̀ kí irin etí rẹ̀ lè gé wọlé. Bí ìbàdí bá ti wá fẹ̀ ju bàtà lọ, etí yẹn á jìnnà sí abẹ́ ẹsẹ̀, orúnkún ni yóò sì máa ru ẹrù náà. Ẹ fi pátákó fífẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ yín nílé, kí ẹ gbìyànjú láti fi etí rẹ̀ kan ṣoṣo dúró. Ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Nítorí náà, kí èèyàn tó béèrè síkì, òkè ni kó kọ́kọ́ béèrè. Ní Vermont, yìnyín á yọ́ díẹ̀, òjò á rọ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á tún dì gbagidi ní òru. Mìlímítà 88 sí 94 ló bá ibẹ̀ mu. Ní Alta, ní Utah, yìnyín tó ń bọ́ lọ́dún kan máa ń tó mítà 13. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ lè ra 102 sí 108, ẹnikẹ́ni kò ní bi í. (Alta ò gba àwọn tó ń fi pátákó kan ṣoṣo yọ̀ láyè o, onísíkì nìkan ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ rí.) Colorado wà láàárín. Ní Breckenridge, àga tó ń fi okùn irin gbé èèyàn gòkè dé ibi gíga mítà 3,914, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbá yìnyín lọ tí ilẹ̀ á sì le. Nísàlẹ̀ òkè kan náà, pápá ìfò wà. Ní Mary Jane, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Winter Park, òkìtì yìnyín tò bí ebè iṣu láti òkè délẹ̀, àárín poro ni onísíkì sì ń gbà. Síkì fífẹ̀ jù kì í rọrùn láti yí nínú poro yẹn. Fún Colorado, 95 sí 100 ni mo fara mọ́, n kò sì rí ìdí tí ẹni tó ní oríṣi kan ṣoṣo fi máa kọjá 102 níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé igi ṣì ni. Wọ́n á to igi poplar tàbí paulownia pọ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ash tàbí maple tó le jù lábẹ́ bàtà, wọ́n á wá fi fáíbà àti gọ́ọ̀mù líle dì í pa. Paulownia fúyẹ́ púpọ̀, poplar wà ní ìwọ̀n. Àwọn kan máa ń tẹ́ irin kan tó ń jẹ́ Titanal sórí igi náà. Orúkọ rẹ̀ máa ń tan àwọn èèyàn, wọ́n á rò pé titanium ni. Alumíníọ̀mù ni, tí wọ́n po síǹkì, magnesium àti bàbà mọ́. Ilé iṣẹ́ AMAG ní Austria ló ń ṣe é. Bí irin yìí bá gba gbogbo ara síkì láti imú dé ìrù, síkì náà kì í gbọ̀n bó bá ń sáré, ó sì máa ń di ilẹ̀ líle mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ó wúwo, kì í ta èèyàn sókè dáadáa, bó bá sì tẹ̀ jù nígbà tí èèyàn bá ṣubú lé e, ó lè má padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn balẹ̀ ń fi gbogbo ara rẹ̀ lé ìrù síkì, irin tó le gbọnrangandan níbẹ̀ kì í gba gafárà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú twin tip fún gbogbo òkè ni èyí tí Titanal rẹ̀ mọ sí abẹ́ bàtà nìkan, tàbí tí kò tilẹ̀ ní in rárá ṣùgbọ́n tí igi rẹ̀ nípọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi fífúyẹ́ tàn yín. Síkì tó fúyẹ́ dùn láti gbé léjìká, ó sì dùn láti fi yí lókè. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí gbogbo èèyàn ti fẹsẹ̀ tú yìnyín ká, á máa ta pọ́ún pọ́ún bí ìgbá òfìfo lórí omi. Síkì gígùn sẹ̀ǹtímítà 180 tó wọ̀n láàárín gíráàmù 1,800 sí 2,100 lẹ́sẹ̀ kan, ìyẹn ti dára fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára.

Ní ti bó ṣe tẹ̀, ẹ gbé e lé orí tábìlì kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí àárín rẹ̀ bá gbé ara sókè díẹ̀ bí ọrun tí wọ́n dà dé, camber ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí èèyàn bá gùn ún, á tẹ́, irin etí rẹ̀ á sì gbá ilẹ̀ mú látòkè délẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara sókè kó tó dé imú, rocker nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Volant ṣe Spatula tí Shane McConkey ronú rẹ̀: kò ní camber kankan, ńṣe ló ká sókè láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Nínú yìnyín jíjìn, ìyanu ni; lórí ilẹ̀ líle, ìyà ni. Èyí tí àwa ń wá gbọ́dọ̀ ní camber lábẹ́ bàtà, kó ní rocker díẹ̀ ní imú, kí ti ìrù sì kéré ju ti imú lọ.

Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Níbí ni twin tip ti máa ń dá àgbà onísíkì láàmú. Síkì 180 tí ìrù rẹ̀ tẹ́ àti síkì 180 tí ìrù rẹ̀ ká kò bá ara wọn dọ́gba lórí ilẹ̀, nítorí apá tó ká sókè kì í kan yìnyín. Onítwin tip ti pàdánù gígùn díẹ̀ kó tó gbéra. Ẹni tó ti ń lo 176 pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀, tó bá tún ra 176 twin tip, á rò pé síkì náà kò ní agbára, bẹ́ẹ̀ kíkúrú ló ń ṣe é. Fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìdúró rẹ̀ gan-an tàbí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lé ni kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bó bá ṣe sanra àti bó bá ṣe ń sáré sí ni yóò fi pinnu.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í béèrè nínú ṣọ́ọ̀bù ni ibi tí ìdè yóò wà, èmi sì kà á sí ọ̀kan lára àwọn tó ṣe pàtàkì jù. Àwọn tó ṣe síkì máa ń fa ìlà sí i lára. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń sọ bí ìlà náà ṣe wà lẹ́yìn àárín gangan sí. Nínú síkì ìrù pẹrẹsẹ, ó sábà máa ń wà ní sẹ̀ǹtímítà 9 sí 12 sẹ́yìn. Nínú ti pápá ìfò, 0 sí 3. Bí ó bá súnmọ́ àárín, imú àti ìrù á dọ́gba, yíyí lókè á rọrùn, fífi ẹ̀yìn lọ á sì dà bíi fífi iwájú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojúgun ti ahọ́n bàtà síwájú kó tó yà, á bá a pé imú síkì kúrú lójú òun, á sì máa rì nínú yìnyín rírọ̀. Láti 4 sí 7 sẹ́yìn ni èyí tó lè sin ìhà méjèèjì. Mo ti rí àwọn tó ní kí wọ́n sún ìdè wọn síwájú nítorí pé wọ́n rí ẹnìkan tó ń fò nínú fídíò. Ẹni yẹn kì í ti inú pápá ìfò jáde. Ihò tí wọ́n bá sì ti lu sára síkì, kò ṣeé dá padà. Èèyàn lè tún un lu lẹ́ẹ̀kan sí i níbòmíràn, ṣùgbọ́n ihò tuntun kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀ jù, kí igi má bàa ya.

Ní ti ìdè fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìjánu tó ń dá síkì dúró nígbà tó bá bọ́ fẹ̀ ju ìbàdí lọ díẹ̀, kó má kọjá mìlímítà 15. Ẹ mú bàtà yín dání lọ, nítorí àtẹ́lẹ̀ bàtà kan kì í bá gbogbo ìdè mu. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó fi ìwọ̀n ara, ìdúró, ọjọ́ orí àti gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà yín pinnu agbára tí ìdè yóò fi dì yín mú. Ẹ má fi ìgbéraga fún un pọ̀. Ìdè tó kọ̀ láti tú ló ń já iṣan orúnkún.

Àbúrò wa ga ní sẹ̀ǹtímítà 178, ó wọ̀n kílò 82, ó ń fẹ́ fi ẹ̀yìn balẹ̀ ṣùgbọ́n kì í gbé inú pápá ìfò. Mo ní kó wá ìbàdí 96 sí 100, gígùn 180 sí 184, igi poplar, irin díẹ̀ tàbí láìsí irin, ìdè ní 5 tàbí 6 sẹ́yìn. Armada ARV 96 àti Faction Prodigy 2 wà lára àwọn tí mo ní kó yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kó ka nọ́ńbà ọdún tó fẹ́ rà, torí orúkọ lè wà bákan náà kí síkì ti yí padà. Ike abẹ́ tí wọ́n pè ní sintered ni kó mú: ó ń mu ìda dáadáa, ó sì le díẹ̀ sí òkúta, òkúta sì pọ̀ lórí àwọn òkè Colorado ní oṣù kọkànlá.

Kó má rà á ní oṣù Kejìlá. Àárín oṣù Kẹta sí Kẹrin ni àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń já owó ti ọdún náà wálẹ̀, nígbà tí yìnyín ṣì wà tó lè fi dán an wò. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń yáni ní síkì fún ọjọ́ kan, tí wọ́n á sì yọ owó yíyá náà kúrò nínú iye rẹ̀ bí èèyàn bá rà á. Kó yan ọjọ́ tí ilẹ̀ le, kì í ṣe ọjọ́ tí yìnyín tuntun bọ́. Gbogbo síkì ló ń dùn lọ́jọ́ yẹn. Bó bá wá gbé tirẹ̀ délé, kó fi òkúta ìpọ́n ra irin etí níbi tí imú àti ìrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká, kó kú díẹ̀, kó má bàa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ nígbà tó bá ń fi ẹ̀yìn lọ. Èyí tó wà lábẹ́ bàtà, kó jẹ́ kó mú.