ẸJỌ́ BAKASSI: BÍ ORÍLẸ̀-ÈDÈ MÉJÌ TI TI KÓÒTÙ BỌ̀ LÁÌJAGUN

Àwọn àgbà wa a máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣe ọ̀rẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí i bí ọmọ ìyá méjì ti ń fi ojú burúkú wo ara wọn nítorí ilẹ̀ tí baba wọn fi sílẹ̀ yóò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà. Èmi pẹ̀lú, nídìí iṣẹ́ akọ̀wé tí mo ń ṣe, ti kọ ìwé ẹjọ́ ààlà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé ìgbà tí adájọ́ bá dìde lórí àga ni ìjà mìíràn a máa bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n gbọ́ ìtàn ẹjọ́ kan tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ rò, tí Nàìjíríà sì jẹ̀bi rẹ̀, tí kò sì fi ìbọn dá adájọ́ lóhùn.

Bakassi ni orúkọ ilẹ̀ náà. Ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Kálábà, níbi tí ilẹ̀ ti yọ sínú òkun, tí omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká. Ẹrẹ̀ àti igbó inú omi iyọ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ilẹ̀ iṣu kò ní ohun tí yóò ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja àti edé pọ̀ nínú omi rẹ̀, àwọn Efik àti àwọn apẹja mìíràn láti ìhà ibẹ̀ sì ti fi í ṣe ilé láti ayé àwọn baba wọn. A tún gbà pé epo rọ̀bì wà lágbègbè òkun náà, ẹ̀yin pẹ̀lú sì mọ ohun tí òórùn epo a máa ṣe sí ọkàn àwọn ìjọba.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Kálábà bá Gẹ̀ẹ́sì dá májẹ̀mú pé kí ó máa dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí ó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fa ìlà sáàrin Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, Bakassi sì bọ́ sí ìhà ti Jámánì. A kò gbọ́ pé wọ́n bi apẹja kan léèrè. Báwo ni aláàbò ṣe lè mú ohun ìní ẹni tí ó ń dáàbò bò, kí ó fi í fún ẹlòmíràn? Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn lọ́yà Nàìjíríà gbé lọ síwájú àwọn adájọ́ ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sílẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùnù pa ọmọ ogun Nàìjíríà márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ké pé kí a jagun, ṣùgbọ́n Ààrẹ Shehu Shagari kò jagun. Ní ìparí ọdún 1993 Nàìjíríà kó ọmọ ogun wọ Bakassi, ní oṣù Kejì ọdún 1994 àwọn méjèèjì sì kọlu ara wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún náà ni Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tí ó wà ní ìlú Hague. Ọdún mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n fi rò ó.

Kofi Annan, ọmọ Gáná, ni Akọ̀wé Àgbà fún Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé nígbà náà. Kò dúró de ọjọ́ ìdájọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ó pe Ààrẹ Olusegun Obasanjo àti Ààrẹ Paul Biya jọ nítòsí ìlú Paris, ó sì mú kí wọ́n ṣèlérí pé ohunkóhun tí ilé ẹjọ́ bá sọ, àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún un. Báyìí ni àgbà tí ó mọ ìjà parí a máa ṣe nílé wa: a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni méjèèjì ná, kí ó tó dá wọn lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, ìdájọ́ dé. Nínú adájọ́ mẹ́rìndínlógún, àwọn mẹ́tàlá wí pé Kamẹrúùnù ni ó ni Bakassi. Àwọn mẹ́ta kọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ Olówu. Nàìjíríà ni ó yàn án láti jókòó nínú ẹjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilé ẹjọ́ náà ti gbà á; Kamẹrúùnù náà sì yan tirẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gàn lè wí pé ẹni tí Nàìjíríà yàn kò lè ṣe kí ó má gbè é. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, kò sì fi bò.

Nígbà tí ó wá di ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, Annan tún pe àwọn Ààrẹ méjèèjì sí Geneva, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Ahmedou Ould-Abdallah, ọmọ Mauritania, ni alága. Amadou Ali ni aṣáájú àwọn ará Kamẹrúùnù. Ta ni aṣáájú ti Nàìjíríà? Ajíbọ́lá náà ni! Ẹni tí ó wí pé ìdájọ́ náà kò tọ́ ni ó wá ń jókòó, ìpàdé lẹ́yìn ìpàdé, ní Yaoundé lónìí, ní Abuja lọ́la, láti rí i pé a mú un ṣẹ. Ní tèmi, ohun tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa kọ́ nílé ìwé nìyí, jù orúkọ àwọn ajagun lọ. Ó kú ní ọdún 2023, ní ẹni ọdún 89.

Iṣẹ́ náà kò yá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, Nàìjíríà fi àwọn abúlé tí ó wà létí Adágún Chad sílẹ̀. Ọjọ́ tí a dá fún Bakassi ní ọdún 2004 kọjá lásán. Dípò kí wọ́n jagun, wọ́n tún jókòó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2006, ní Greentree, lẹ́bàá ìlú New York, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, Amẹ́ríkà, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì sì ṣe ẹlẹ́rìí. (Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì kan náà tí wọ́n fa ìlà ní ọdún 1913! Ayé ń yí.) Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kúrò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, àwọn kan tí ó gbé ìbọn pa ọmọ ogun Kamẹrúùnù mọ́kànlélógún ní Bakassi, àwọn aṣòfin àgbà ní Abuja sì kéde pé àdéhùn náà kò bá òfin mu. Ní ìgbà àtijọ́, ogun ì bá ti bẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti jọ jẹun fún ọdún márùn-ún nínú ìgbìmọ̀ ti mọ orúkọ àti ohùn ara wọn. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọjọ́ náà sì kọjá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, ní Kálábà, a fi ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá.

Àwa a máa gbin pèrègún sí ààlà oko. Ààlà ti àwọn wọ̀nyí tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà, láti Adágún Chad dé òkun. Òpó símẹ́ńtì ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, tí àwọn awọnlẹ̀ orílẹ̀-èdè méjèèjì pẹ̀lú àwọn ará Àjọ Àgbáyé jọ ń rìn ín lórí òkè àti nínú àbàtà. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ fi í wé iye owó ìbọn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àlàáfíà yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àwọn apẹja ni ó san án. Àdéhùn Greentree wí pé Kamẹrúùnù kò gbọdọ̀ fi agbára lé ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Bakassi, kò gbọdọ̀ dí wọn lọ́wọ́ ẹja pípa, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba owó orí lọ́wọ́ wọn ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ dáradára ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ di ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì wá sí ìhà Nàìjíríà. A yọ apá kan nínú ilẹ̀ Akpabuyo fún wọn ní Ìpínlẹ̀ Cross River, a sì ń pè é ní Bakassi Tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ráhùn pé ilé tí a ṣèlérí kò tó, àti pé ibi tí a fi wọ́n sí jìnnà sí omi. Ẹni tí ó jẹ́ pé àwọ̀n ni baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, kí ni yóò fi ọkọ́ ṣe? Àwọn méjèèjì tí ó ṣe ẹjọ́ ti padà ń kí ara wọn, wọ́n tilẹ̀ jọ ń bá àwọn apániláyà jà létí Adágún Chad. Gbèsè tí ó kù ni ti àwọn apẹja wọ̀nyí, Abuja àti Kálábà ni ó sì jẹ ẹ́, kì í ṣe Hague.