Àwo "Illinois", Sufjan Stevens, 2005

Àwo méjì nínú àpò páálí. Divya Srinivasan ló yàwòrán rẹ̀.

Ẹ wo àwọn bàlúùnù ojú àpò yìí dáadáa: sítíkà ni wọ́n. Superman ló wà lábẹ́ wọn. Àwòrán oní-nǹkan ni Superman, kò sì sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹjọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bò ó.

Orin 22 lórí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, Illinois. Sufjan fúnra rẹ̀ ló ta bánjò, tó tẹ dùùrù, tó fọn fèrè. Ẹgbẹ́ akọrin, kàkàkí òyìnbó àti fayolíìnì ń gbè é, ariwo ayọ̀ gba ilé kan. Àfi tó bá kan orin nípa John Wayne Gacy, apànìyàn agbègbè Chicago. Gìtá àti dùùrù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kù níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bíi tẹni tó ń jẹ́wọ́.